ARCTIC Liquid Freezer III 360 nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù

Nínú yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, bí oṣù kejì àti oṣù kẹta bá ti dé, tẹmómítà tí mo gbé kọ́ ara ògiri kì í wá sílẹ̀ ju 32°C lọ láti aago kan ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Fáànù òkè àjà nìkan ni mo ní. Inverter tí a ń lò nílé kò lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú àgbà ni mo máa ń tò pọ̀ fún àwọn oníbàárà, CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó sì wà nínú èyí tí mo fi ń ṣe é ni Intel Core i5-13600K, tó ní core 14, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ inú CPU, mẹ́fà ńlá àti mẹ́jọ kékeré, tí Intel fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lè jẹ iná tó 181 wọ́ọ̀tì nígbà tó bá ń sáré tagbáratagbára. Láti ìparí ọdún 2024 ni mo ti gbé ARCTIC Liquid Freezer III 360 lé e lórí, ẹ̀rọ olómi tó ń fi omi kó ooru kúrò lára CPU, mo sì ti fi í dán overclocking wò, ìyẹn ni pé kí a mú CPU sáré ju bí àwọn tó ṣe é ti là á sílẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yọrí sí ibì kan náà, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ kí n kọ ohun tí mo rí.

Òun kọ́ ni mo kọ́kọ́ rà. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, mo ti kọ́kọ́ san ₦65,000 fún ẹ̀rọ olómi tòkúnbọ̀ kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó so ó mọ́ iná níṣojú mi, tí fáànù rẹ̀ yí, tí iná aláràbarà ara rẹ̀ sì tàn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ojú yín náà ló rí i pé ó ń ṣiṣẹ́," ni ó wí. Kò parọ́, fáànù ń ṣiṣẹ́. Omi inú rẹ̀ ni kò pé mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo dè é mọ́ CPU, ó ń hó pọ́kọ́pọ́kọ́ bí ìkòkò ẹ̀wà tí omi rẹ̀ fẹ́ gbẹ, kò sì pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tí CPU fi dé 100°C. Nígbà tí mo gbé e padà, ọmọkùnrin náà ní títẹ́ẹ̀sì nìkan ni wọ́n ń ṣe fún oníbàárà, wọn kì í ṣe gáráńtì. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé omi inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń gba ara rọ́bà tó gbé e kọjá jáde díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, bí kò tilẹ̀ jò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ojúhò tí a lè gbà bu omi mìíràn sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, kí ó fi fáànù sílẹ̀, kí ó gbé rédíétọ̀ rẹ̀, irin gbọọrọ tí omi ti ń tutù, sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí kí ó sì mì í; tuntun pàápàá lè ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣe jàùjàù bí ike omi tí wọ́n ti mu dé ìdajì, kí ó dá a padà fún olówó rẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Manchester ló bá mi ra Liquid Freezer III ní iye tí kò tó £100, ó sì dì í mọ́ àárín aṣọ nínú àpótí rẹ̀ bọ̀ wálé fún Kérésìmesì. Ilé-iṣẹ́ ARCTIC, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Braunschweig ní Jámánì, fi gáráńtì ọdún mẹ́fà sí i. N kò ka gáráńtì yẹn kún owó tí mo jèrè, nítorí owó tí ènìyàn máa fi kó ẹrù tó tóbi tó báyìí láti Ìbàdàn padà sí Yúróòpù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ra òmíràn. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé kò sí iná aláràbarà lára irú tí mo rà, kò sì ní ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré tí àwọn kan ń gbé sórí tiwọn lóde òní. Dúdú ni gbogbo rẹ̀, ó sì wúwo lọ́wọ́.

Wíwúwo náà ní ìdí. Rédíétọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olómi máa ń nípọn tó milimítà 27, ti Liquid Freezer III nípọn tó 38, fáànù mẹ́ta tí wọ́n ti dè mọ́ ọn láti ilé-iṣẹ́ sì tún jẹ́ 25, àpapọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ milimítà 63. Inú rédíétọ̀ tó nípọn ni omi púpọ̀ ń gbà, ibẹ̀ sì ni irin pẹlẹbẹ púpọ̀ tí afẹ́fẹ́ lè fara kàn wà. Mo ti ka nọ́ńbà yìí kí n tó ràn àbúrò mi níṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò fi rúlà wọn àpótí kọ̀ǹpútà tèmi. Gígùn rẹ̀ ni mo wò, tó jẹ́ 398, mo sì rí i pé òkè àpótí gbà á. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ dè é, mo wá bá a pé àárín òrùlé àpótí àti irin tó bo orí motherboard, ìyẹn pátákó tí CPU jókòó lé, kò ju milimítà 55 lọ. Mo jókòó sórí ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo ń wo milimítà mẹ́jọ tí àyè náà fi dín.

Iwájú àpótí ni mo wá gbé e sí, ó sì bá ibẹ̀ mu, ṣùgbọ́n kò wà láìní ìnira. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ara rédíétọ̀ wọlé níwájú ti gbóná kí ó tó dé ọ̀dọ̀ káàdì àwòrán, tèmi sì fi ìwọ̀n mẹ́ta sí mẹ́rin gbóná ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun kejì ni pé afẹ́fẹ́ tó bá wà nínú omi máa ń gun òkè lọ ni, nítorí náà pọ́ǹpù tó wà lórí CPU kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tó ga jù lọ nínú gbogbo ọ̀nà tí omi ń gbà. Mo yí rédíétọ̀ kí rọ́bà méjèèjì lè jáde láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè kó jọ sí orí rédíétọ̀ níbi tí kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, rọ́bà náà sì gùn tó láti dé ibi CPU láìfà. Ẹni tó bá gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí, tí pọ́ǹpù sì wà lókè, ń ṣètò fún ariwo ẹ̀wà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Apá tó gba sùúrù jù ni dídè é mọ́ CPU. Sókẹ́ẹ̀tì LGA1700, ìjókòó CPU lórí motherboard, tí i5-13600K ń lò ní àléébù kan tí àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà mọ̀ dáadáa: irin tó di CPU mú ń tẹ̀ ẹ́ láàárín nìkan, CPU náà gùn, ó sì máa ń tẹ̀ kọdọrọ díẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò fi ní bá ojú bàbà tó yẹ kó gba ooru lára rẹ̀ mu. ARCTIC fi férémù tirẹ̀ sínú páálí, ó sì sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó ń lo Intel. A ó tú irin àkọ́kọ́ kúrò, a ó fi férémù yìí rọ́pò rẹ̀, a ó sì wá dè é mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rin. Èyí túmọ̀ sí pé fún ìṣẹ́jú bíi méjì, CPU náà kàn jókòó lásán lórí abẹ́rẹ́ irin kéékèèké tó lé ní 1,000, tí ohunkóhun kò dì í mú. Mo pa fáànù òkè àjà, mo ní kí àwọn ọmọ jáde, mo sì gbé motherboard tẹ́ sórí tábìlì kí n tó fọwọ́ kàn án. Nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ni mo yí ní ìlàjì ìlàjì, láti igun kan bọ́ sí igun tó kọjú sí i, bí ìgbà tí vulcanizer bá ń de táyà. Ọ̀pá thermal paste MX-6 kékeré kan, ìpara tí a ń fi sáàárín CPU àti bàbà kí ooru lè kọjá, wà nínú páálí náà, ó sì tó lò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, tàbí tí kò tíì tú motherboard rí, kí ó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Lórí pọ́ǹpù ni wọ́n gbé fáànù kékeré kan sí, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ara àwọn èròjà tó ń pèsè iná fún CPU lórí motherboard. Mo kọ́kọ́ kà á sí ọ̀ṣọ́ lásán, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ olómi máa ń fi àwọn èròjà wọ̀nyí sílẹ̀ láìsí atẹ́gùn, èyí tí fáànù ńlá orí CPU ti máa ń fẹ́ sí wọn tẹ́lẹ̀, inú yàrá tó gbóná ni èyí sì ti ń léwu jù. Wáyà méjì ló wà nínú páálí: ọ̀kan so pọ́ǹpù, fáànù kékeré àti fáànù mẹ́ta ńlá pọ̀ sí ẹnu kan ṣoṣo, èkejì pín wọn sí ẹnu mẹ́ta. Èkejì ni kí ẹ lò. Ó jẹ́ kí pọ́ǹpù máa yí bákan náà nígbà gbogbo, kí fáànù sì máa yára tàbí kí ó rọra bí iṣẹ́ bá ti rí.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí omi lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe kí n tó sọ nọ́ńbà, nítorí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tà á pé ó máa sọ kọ̀ǹpútà di fíríìjì. Omi kì í pa ooru. Ó ń rù ú ni. Lítà omi kan lè gbé ooru tó ju èyí tí lítà afẹ́fẹ́ kan lè gbé lọ ní ìgbà 3,000 àti jù bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè kó ooru kúrò lórí CPU tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, kí ó sì gbé e lọ síbi tí àyè wà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá débẹ̀, afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ló máa gbà á. Kò sí rédíétọ̀, bó ti wù kó nípọn tó, tó lè mú omi inú rẹ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń gba ara rẹ̀ kọjá lọ. Bí òyìnbó kan bá ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ nínú yàrá tó wà ní 20°C, tó sì ní CPU òun wà ní 69, kí ẹni tó wà nínú yàrá 32°C tètè ro méjìlá kún un kí ó tó náwó.

Ní ilé tèmi, èyí ni ohun tí mo rí lọ́sàn-án nínú oṣù kejì. Mo fi ètò kọ̀ǹpútà HandBrake yí fídíò ìgbéyàwó wákàtí kan sí H.265, irú fídíò tí kì í gba àyè púpọ̀, iṣẹ́ tó máa ń mú gbogbo core làágùn. Pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtutù oníàfẹ́fẹ́ tí mo lò tẹ́lẹ̀, CPU á dé 100°C, èyí tó jẹ́ òpin tí Intel fi sí i, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré rẹ̀ kù láti 5.1 GHz (òṣùwọ̀n eré CPU) sí bíi 4.6 kí ó má baà jóná, iṣẹ́ náà sì gba ìṣẹ́jú 48. Pẹ̀lú Liquid Freezer III, ó dúró sí 81°C, kò fi ẹsẹ̀ kan kúrò lórí 5.1, ìṣẹ́jú 43 ló sì gbà. N kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú BIOS, ibi tí a ti ń yí ètò CPU padà kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, nígbà yẹn o. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn. Eré tí mo ti sanwó fún láti ìgbà tí mo ra CPU ni, tí ooru ń jẹ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí ènìyàn bá tò fídíò mẹ́ta lóòjọ́, yóò mọ iye tó já sí.

Overclocking ló wá kù. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà ṣáájú wa máa ń fi ìtàn Intel Celeron 300A ti ọdún 1998 yangàn, ó sì tọ́ sí wọn: CPU tí wọ́n tà fún 300 MHz ni, ẹni tó bá gbé eré bus rẹ̀, ọ̀nà tí CPU fi ń bá àwọn èròjà yòókù sọ̀rọ̀, láti 66 sí 100 MHz á sì bá 450 MHz lọ́wọ́ ara rẹ̀, ìdajì eré tí kò san kọ́bọ̀ lé lórí. Ayé yẹn ti kọjá lọ. Àwọn tó ń ṣe CPU lónìí ti fún gbogbo omi inú ọsàn náà tán kí wọ́n tó tà á fún wa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń tan kọ̀ǹpútà, tí mo ń pa á, tí ojú aláwọ̀ búlúù Windows, tó ń yọ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣubú, sì ń kí mi, ibi tó ga jù tí core ńlá tèmi ti lè dúró láìṣubú ni 5.4 GHz, fóltéèjì tí mo sì ní láti fún wọn kí wọ́n tó gbà ni 1.36, nígbà tí 1.25 ti tó wọn fún 5.1.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Iná tí CPU ń jẹ máa ń bá eré rẹ̀ lọ sókè, ṣùgbọ́n ó tún ń bá fóltéèjì lọ sókè lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn fóltéèjì tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀. Eré tí mo fi kún un kò tó 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Iná àti ooru tí mo fi rà á tó 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́ọ̀tì 175 di 220, 81°C di 94, fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi yọjú láti pálọ̀: "Bàbá Ìbejì, ṣé inú ilé lẹ wá gbé gẹ́ńẹ́rétọ̀ sí báyìí ni?" Fídíò wákàtí kan náà tó gba ìṣẹ́jú 43 wá gba 41 àti ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo ariwo yẹn bí. Lórí inverter, wọ́ọ̀tì 45 tó lé yẹn kì í ṣe ohun kékeré. Bí iná ìjọba bá lọ láago mẹ́jọ alẹ́, tí mo ní iṣẹ́ tí oníbàárà ń retí lówùúrọ̀, bátìrì ni mo ń wò, n kì í wo GHz.

Ohun mìíràn tún wà tí n kò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́ fún ẹni tó bá ní irú CPU tèmi. Lọ́dún 2024, Intel jẹ́wọ́ pé fóltéèjì tó ga ju bó ti yẹ lọ ń ba àwọn CPU orí tábìlì ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó gbé àtúnṣe microcode (àṣẹ tó ń darí inú CPU) 0x129 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ó sì fi ọdún méjì kún gáráńtì àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ ṣe àtúnṣe BIOS yín kí ẹ tó ronú kan overclocking rárá. Kí ẹ sì rántí pé gáráńtì kan náà lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá mú CPU rẹ̀ kọjá ààlà tí Intel fi sí i.

Nígbà tí mo ti ráyè mọ inú BIOS náà tán, mo gbìyànjú ìdàkejì rẹ̀. Mo dá eré padà sí 5.1, mo sì ń dín fóltéèjì kù díẹ̀díẹ̀, 0.01 lẹ́ẹ̀kan, títí tí kọ̀ǹpútà fi ṣubú, mo wá gbé e sókè díẹ̀ láti ibẹ̀. Ó dúró dáadáa sí 1.16. CPU wá sílẹ̀ sí 74°C lọ́sàn-án gangan, iná tó ń jẹ di wọ́ọ̀tì 150, ìṣẹ́jú 43 náà kò yẹ̀, fáànù sì rọra débi tí mo fi ń gbọ́ ohùn ẹyẹ lóde nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. CPU kọ̀ọ̀kan ni Ọlọ́run fún ní tirẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ nọ́ńbà tèmi sínú BIOS rẹ̀; ọ̀nà tí mo gbà dé ibẹ̀ ni kí ó tọ̀.

Eruku ni ìyókù ìṣòro, ti ọyẹ́ ló sì burú jù. Irin pẹlẹbẹ ara rédíétọ̀ sún mọ́ra wọn gan-an, bó sì ṣe wà níwájú àpótí, òun ni asẹ́ tí gbogbo afẹ́fẹ́ yàrá ń gbà kọjá. Ní ìparí oṣù kìíní, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré, mo rí i pé CPU ti fi ìwọ̀n mẹ́fà gbóná sí i lórí iṣẹ́ kan náà. Nígbà tí mo tú fáànù kúrò, eruku pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti tẹ́ bí aṣọ sí ojú rédíétọ̀, mo sì lè ká a bí ìgbà tí a bá ń bó èèpo iṣu sísè. Mo fi búlówà fẹ́ ìyókù rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, mo sì fi ìka di apá fáànù kọ̀ọ̀kan mú kí ó má baà yí nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ, nítorí fáànù tí búlówà bá yí ní àyíjù lè bàjẹ́. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń ṣe é nígbà ọyẹ́, oṣù méjì méjì nígbà òjò. Àwọ̀n tó wà níwájú àpótí mi kò tó. Mo ti ran òmíràn láti ara aṣọ àwọ̀n fèrèsé tó ṣẹ́kù nílé, ó sì ń ràn mí lọ́wọ́.

Ẹni tí CPU rẹ̀ kì í jẹ ju wọ́ọ̀tì 120 lọ kò nílò ẹ̀rọ yìí. Ẹ̀rọ oníàfẹ́fẹ́ tó dára yóò ṣe é fún un, kò ní pọ́ǹpù tó lè kú, kò sì ní omi tó lè tán. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fídíò tàbí àwòrán 3D lórí CPU tó ń jẹ iná, nínú yàrá bíi tèmi, kí ó wọn àpótí rẹ̀, kí ó rí i dájú pé milimítà 63 wà níbi tó fẹ́ gbé e sí, kí ó wá ẹni tó máa bá a gbé tuntun bọ̀, kí ó sì rà á. N kò kábàámọ̀ tèmi. Overclocking mi ṣì wà nínú BIOS, mo fi orúkọ pamọ́ sí i. Nínú oṣù kẹjọ tó kọjá, nígbà tí òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, tí yàrá sì wá sílẹ̀ sí 26°C, mo tún gbé e sí 5.4 fún wákàtí kan, mo wo nọ́ńbà rẹ̀, inú mi dùn, mo sì dá a padà kí ìyàwó mi tó yọjú.